Bí Màmá Yí-i-Sẹ́yìn Ṣe Wá Sitíárìn Bàbá Wọn Rí

Ní oṣù kẹta ọdún 1949 ni wọ́n bí ìyá wa, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Màmá Yí-i-Sẹ́yìn, sínú yàrá kan lókè gáréèjì àwọn mẹkáníìkì. Awakọ̀ ni bàbá wọn, Bàbá àgbà wa, ẹni tó ń gbé èrò láti ìlú kan dé òmíràn. Ọmọ awakọ̀ ni Bàbá àgbà fúnra wọn, ọmọ ọmọ ẹni tó ń fi ẹṣin fa ẹrù. Ìyá wọn, Ìyá àgbà wa, jẹ́ aránṣọ tí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn kì í sinmi. Nípa bẹ́ẹ̀, Màmá jogún ọ̀nà láti ìdí bàbá, wọ́n sì jogún abẹ́rẹ́ láti ìdí ìyá. Àwọn nìkan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi ta àwọn òbí wọn lọ́rẹ. Àwa ọmọ wọn la kọ ìtàn yìí fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá sin wọ́n lónìí. Bí ẹ bá rí ibi tá a ti ń fọ́nnu, ẹ má bínú sí wa, ìyá tó ṣeé fi fọ́nnu la ní.

Ní ọdún 1950, Bàbá àgbà ṣe ohun kan tí àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ wọn fi ń ṣe wọ́n ní yẹ̀yẹ́. Wọ́n tú sitíárìn tó bá mọ́tò wọn wá láti ilé-iṣẹ́, wọ́n sì fi òmíràn tí wọ́n rà fúnra wọn rọ́pò rẹ̀. Onígi ni, igi pupa tó ń dán. Apá irin mẹ́ta ló so ọ̀rùka igi náà mọ́ àárín, àmì ẹyẹ kékeré kan sì wà lẹ́yìn apá ìsàlẹ̀, níbi tí ẹni tó ń wakọ̀ ò lè rí. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn bi wọ́n pé kí ni èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣe. Bàbá àgbà ní, “Kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló ń dì í mú láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ mi náà jẹ̀gbádùn.”

Orí itan Bàbá àgbà, níwájú sitíárìn yìí, ni Màmá ti hu eyín. Nígbà tí èrìgì ń yún wọn, gbogbo ohun tí wọ́n fún wọn jẹ ni wọ́n jù sílẹ̀, igi yẹn nìkan ni wọ́n fẹ́. Eyín mẹ́rin wọlé sínú igi náà nísàlẹ̀ lápá òsì, níbi tí ẹnu ọmọ tó jókòó sórí itan lè dé. Ìyá àgbà ní kí ọkọ wọn wá sáńpépà kí wọ́n fi ha á kúrò. Bàbá àgbà kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní, “Ọmọ mi ti fi eyín fọwọ́ sí i. Ta ló máa pa á rẹ́?”

Ọdún 1958 ni ìbànújẹ́ wọlé. Bàbá àgbà ṣàìsàn díẹ̀, wọ́n sì dágbére fáyé. Àwọn ẹ̀gbọ́n Bàbá àgbà ta mọ́tò náà fún arìnrìn-àjò kan tí ẹnikẹ́ni ò rí mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ìyá àgbà bẹ ọkùnrin yìí pé kó jẹ́ kí àwọn tú sitíárìn sílẹ̀ fún ọmọ, kó gba èyí tó ti ilé-iṣẹ́ wá. Ọkùnrin náà ní nínú gbogbo mọ́tò tí òun wò, torí sitíárìn yẹn gan-an lòun ṣe mú èyí. Màmá, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wọ inú mọ́tò lọ, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di sitíárìn náà mú. Ìka wọn ni wọ́n ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan kí mọ́tò tó lè lọ. Nígbà tí wọ́n padà wọlé, tí wọ́n bá ìyá wọn tó doríkodò nídìí ẹ̀rọ, Màmá ò sunkún. Wọ́n ní, “Màámi, ẹ dákẹ́. Màá wá a rí.” Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn. Gbogbo ohun tí ẹ máa kà lẹ́yìn èyí, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀ wá.

Màmá parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1962. Olùkọ́ wọn kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ yìí gbọ́n, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí ohun róbótó kankan sinmi. Ọmọrí ìkòkò ni o, ìdérí agolo ọ̀dà ni o, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi ń wakọ̀. Ní ọdún 1964 wọ́n wọ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, níbi tí wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ awọ. Ọ̀gá tó gbà wọ́n wò wọ́n láti òkè délẹ̀, ó ní iṣẹ́ yìí máa ń dun èèyàn lọ́wọ́. Màmá dá a lóhùn pé, “Ọwọ́ náà ni mo gbé wá, sà.” Àwọn nìkan ni obìnrin nínú kíláàsì, àwọn náà sì ni wọ́n gbé ipò kìíní nígbà tí wọ́n parí.

Ní ọdún 1970 ni wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn, ibi tí wọ́n ti ń rán awọ sára àga mọ́tò àti sára sitíárìn. Tábìlì gígùn kan wà níbẹ̀, fèrèsé ńlá wà lókè rẹ̀, òórùn awọ àti gọ́ọ̀mù sì ń pàdé àlejò lójú ọ̀nà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó sitíárìn àtijọ́ jọ. Kì í ṣe èyíkéyìí o. Màmá pín sitíárìn ayé sí ọ̀nà méjì: èyí tó bá mọ́tò wá láti ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń pè ní àbínibí, èyí tí olówó ọkọ̀ yàn fúnra rẹ̀, tó rà, tó fi rọ́pò rẹ̀, òun ni àyànfẹ́. Àyànfẹ́ nìkan ni wọ́n ń kó. Wọ́n máa ń sọ pé àbínibí kò lè sọ nǹkan kan fún ẹ nípa ẹni tó ni ín, ṣùgbọ́n àyànfẹ́ á rojọ́ olówó rẹ̀ tán pátápátá.

Bí wọ́n ṣe ń dá a mọ̀ ló sọ wọ́n lórúkọ. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé sitíárìn dé, tó ń yangàn nípa bí iwájú rẹ̀ ṣe ń dán, Màmá ò ní wo iwájú. “Yí i sẹ́yìn” ni wọ́n máa wí. Ẹ̀yìn apá ni àmì ilé-iṣẹ́ máa ń wà, ẹ̀yìn náà ni wọ́n ti ń rí bí ihò nọ́ọ̀tì àárín rẹ̀ ṣe pọ̀ tó àti bí wọ́n ṣe jìnnà síra. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi àtàǹpàkò tọ ọ̀rùka náà yí ká. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú máa ń fi sáńpépà ha gbogbo rẹ̀ kó lè dà bí ògbólógbòó, ibẹ̀ sì ni àṣírí wọn ti ń tú. “Ọwọ́ èèyàn kì í jẹ gbogbo àyíká,” Màmá á wí. “Ibi tó bá mọ́ ọn lára ló ń jẹ.” Oníṣòwò kan wà tó máa ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá bó bá ti rí mọ́tò Màmá níwájú ọjà. A ò ní sọ ẹni tó jẹ́, nítorí ọmọ rẹ̀ wà níjókòó níbí lónìí, ọmọ dáadáa sì ni.

Ọdún 1973 ni Màmá fẹ́ Bàbá wa, akọ̀wé ilé-ìfìwéránṣẹ́, ẹni tí kò mọ ọkọ̀ wà títí tó fi sùn nínú Olúwa ní ọdún 2009. Nígbà tí Bàbá ń dẹnu kọ wọ́n, wọ́n gbọ́ pé arẹwà yìí fẹ́ràn sitíárìn, ni wọ́n bá wá ọ̀kan kiri, wọ́n fi bébà aláràbarà dì í. Màmá tú u, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n dákẹ́. Bàbá wa máa ń sọ pé kò sí ìdánwò iṣẹ́ kankan tó dẹ́rù bà wọ́n tó ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Nígbà tó yá, Màmá ní, “Ayédèrú ni sitíárìn yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé e wá, ojúlówó ni.” Ó ṣì wà lára ògiri títí dòní, ayédèrú kan ṣoṣo láàárín àwọn àyànfẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ bú u.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wọ yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ ògiri tá a ń wí. Láti òkè dé ilẹ̀ ni sitíárìn kọ́ sí. Ṣùgbọ́n ní àárín gbùngbùn, ìṣó kan wà tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀. Ìṣó yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ kàn mọ́ ògiri kí ohunkóhun tó débẹ̀. Tí àlejò bá bèèrè, Màmá á ní, “Ẹni tó ni ibẹ̀ ò tíì dé.” Wọ́n wá a káàkiri ibi tí wọ́n ti ń tú àlòkù mọ́tò. Gbogbo sitíárìn onígi tó bá ní àmì ẹyẹ lẹ́yìn ni wọ́n yẹ̀ wò. Wọ́n á fi ìka wá ibi eyín nísàlẹ̀ lápá òsì, wọ́n á sì gbé e padà. A mọ bí ojú wọn ṣe máa ń rí tí wọ́n bá dé láti irú ìrìn bẹ́ẹ̀. A kì í bi wọ́n ní ìbéèrè, a máa ń gbé oúnjẹ fún wọn ni.

Ní ọdún 1979, wọ́n rí sitíárìn kan lára ọgbà ẹni tó ń tú mọ́tò, tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn ọgbà. Awọ dúdú ni wọ́n fi bò ó, òwú pupa ni wọ́n fi rán an, ẹni tó rán an sì dà bí ẹni tó fi ẹsẹ̀ rán an. Màmá yí i sẹ́yìn, wọ́n rí àmì ẹyẹ. Inú wọn dùn, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni, nítorí ilé-iṣẹ́ ẹlẹ́yẹ yẹn kò ṣe onígi nìkan, wọ́n ṣe aláwọ pẹ̀lú. Wọ́n gbà pé aláwọ ni, àti pé ẹnì kan ló tún awọ rẹ̀ rán lẹ́yìn tí ti ilé-iṣẹ́ ti gbó. Wọ́n rà á, wọ́n ní àbúrò sitíárìn bàbá àwọn ni, wọ́n sì gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣó òfìfo náà kó lè máa bá ìṣó dúró de ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ tí wọ́n ń fi í ṣe ni pé kí wọ́n fi han àwọn ọmọ iṣẹ́ tuntun bí a kò ṣe gbọ́dọ̀ rán awọ. “Ẹ wo kókó burúkú tó wà nísàlẹ̀ yìí,” Màmá á wí, “ẹni yìí ò mọ̀ ọ́n rán, kò sì mọ̀ pé òun ò mọ̀ ọ́n.”

Kí ló dé tí wọn ò tú u kí wọ́n tún un rán? Òfin ni, èyí tí Màmá ti ń pa mọ́ kí ẹgbẹ́ tó wà. Ní ọdún 1986, Màmá àti àwọn tó ní irú ìfẹ́ yìí dá Ẹgbẹ́ Àyànfẹ́ sílẹ̀, Màmá sì ni alága àkọ́kọ́. Àwọn ni wọ́n ṣe òfin tó lágbára jù: ohunkóhun tí olówó àtijọ́ bá fi sára sitíárìn, ara sitíárìn náà ni, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bọ́ ọ. Ti oníbàárà, wọ́n á tú u, wọ́n á rán tuntun, nítorí iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti dé ara ògiri, ó di ẹni àpọ́nlé. Wọ́n yọ ẹnì kan kúrò nínú ẹgbẹ́ torí pé ó fi ọ̀dà tuntun kun sitíárìn àtijọ́. Ẹni náà padà wá bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì gbà á, òun ló ń bójú tó àga níta báyìí.

Nínú ìgbàgbọ́, Màmá kì í ṣe aláriwo. Wọ́n máa ń jókòó sẹ́yìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ẹ̀yìn làwọn ti ń rí òtítọ́. Gbogbo ìrọ̀rí tí ìjọ ń kúnlẹ̀ lé, àwọn ni wọ́n rán an. Láwùjọ, obìnrin tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ awọ pọ̀ débi pé bí ẹ bá jókòó sínú mọ́tò tí àga rẹ̀ dára ládùúgbò yìí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ọmọ Màmá ló rán an. Láti ọdún 1991, wọn ò gba owó lọ́wọ́ ọkọ̀ ilé ìwòsàn kankan. Wọ́n ní ẹni tó ń gbé aláìsàn sáré kò yẹ kó máa di sitíárìn tó ń yọ̀ mú. Àwọn awakọ̀ yẹn ló tò síta lónìí pẹ̀lú iná orí ọkọ̀ wọn ní títàn. A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

A dé ọdún 2021 báyìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá ń fi ìwé yìí fẹ́ ara rẹ̀, ẹ dúró díẹ̀ kẹ́ ẹ kà á.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tá a ń pè ní Ọ̀gá Bọ́ọ̀sì, ọ̀rẹ́ Màmá àti alátakò wọn nínú ẹgbẹ́, wá yá sitíárìn aláwọ náà láti fi kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tuntun. Wọ́n gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́ kan, wọ́n sì dúró. Wọ́n ní, “Màmá, èyí ti wúwo jù. Igi ń bẹ nínú ẹ̀.” Màmá ní, “Ọ̀gá, ọjọ́ ogbó ló ń dé sí yín lápá.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gba sitíárìn wọn padà, wọn ò sì yá Ọ̀gá mọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ò ti fi bẹ́ẹ̀ wọ Màmá lẹ́nu mọ́. A bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tú u. Wọ́n ní àwọn ò lè rú òfin tí àwọn fi lé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́. Àkọ́bí wọn ní ó kéré tán, kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un wò, bí igi bá wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ á sọ. Wọn ò gbà. Ìgbà tá a fún wọn mọ́lẹ̀ ni òtítọ́ ọ̀rọ̀ jáde. Wọ́n ní, “Tí mi ò bá tú u, ó ṣì lè jẹ́ òun. Tí mo bá tú u tí kì í sì í ṣe òun, kí ló kù tí mo ń wá?” Àwa tí a rò pé a mọ ìyá wa, a ò bẹ̀ wọ́n mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Kókó burúkú yẹn ló dá ẹjọ́ náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Màmá ń fi han ọmọ iṣẹ́ tuntun kan bí wọ́n ṣe ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n gbé ìka lé kókó náà, ẹnu wọn sì dúró láàárín ọ̀rọ̀. Kókó nísàlẹ̀. Lápá òsì. Ibòmíràn tí ẹni tó rán awọ yìí ti bà á jẹ́, òwú ló ti wọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ yẹn, awọ ni ó fi lé awọ. Kò sẹ́ni tó ń fi awọ lé awọ láìnídìí. Ẹni náà ń di kòtò ni.

Màmá pe gbogbo ẹgbẹ́ jọ. Wọ́n dìde níwájú wa nínú ṣọ́ọ̀bù, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ńlá ń tàn sórí tábìlì, wọ́n ní, “Èmi ni mo ṣe òfin. Èmi náà ni màá rú u lójú gbogbo yín. Bó bá jẹ́ àṣìṣe, kí ẹ yọ mí bí mo ṣe yọ ẹlòmíràn.” Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Wọn ò gé òwú náà, ńṣe ni wọ́n ń fà á jáde díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń ká a jọ. Awọ ṣí, a rí igi pupa. Ọ̀gá Bọ́ọ̀sì ò tilẹ̀ rántí pé àwọn ti jàre. Màmá ò dúró lórí igi o, nítorí onígi ẹlẹ́yẹ pọ̀ láyé. Wọ́n tú dé kókó. Awọ kan kúrò, èkejì kúrò, ó ku àkísà kékeré kan. Wọ́n mú àkísà náà kúrò.

Eyín mẹ́rin.

Màmá wò ó. Lẹ́yìn náà wọ́n bọ́ eyín àtọwọ́dá wọn, wọ́n jù ú sápò, wọ́n gbé sitíárìn náà sókè, wọ́n sì fi èrìgì lásán bu igi náà jẹ níbi tí wọ́n ti bù ú jẹ ní ọdún 1950. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa wá, kí ẹkún tó dé. Igbe tí Màmá ké, àwọn mẹkáníìkì òdìkejì títì sáré wá, wọ́n rò pé iná ló sọ. “Òun ni! Bàbá mi rèé o! Màámi, mo ti rí i!” Ìyá àgbà ti sùn tipẹ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá yẹn tó rò pé wọn ò gbọ́.

Látọjọ́ náà ni wọn ò ti bú ẹni tó rán awọ yẹn mọ́. Wọ́n ní bí kì í bá ṣe awọ burúkú rẹ̀ ni, ẹnì kan ì bá ti fi sáńpépà ha eyín àwọn dànù láti ọdún gbọ́nhan. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n ń gbàdúrà fún un, ẹni tí wọn ò mọ̀ rí. Awọ náà àti òwú pupa rẹ̀ ló wá wà lórí ìṣó àárín báyìí. Ní ti sitíárìn, Màmá kọ̀ láti gbé e kọ́. Wọ́n ní ìṣó ló yẹ fún ohun tí a ń retí, ọwọ́ ló yẹ fún ohun tí a ti rí. Alágbẹ̀dẹ ṣe irin tó so ó mọ́ mọ́tò wọn, wọ́n sì ń wà á kiri pẹ̀lú hóọ̀nù lẹ́nu, kódà níbi tí kò sẹ́ni tí wọ́n fẹ́ lé lọ́nà.

Ní ọdún 2025, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ìyá wa sùn, wọn ò sì jí mọ́. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni wọ́n. A sunkún, a ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe ìlérí lọ́mọdé tó mú un ṣẹ lágbà, ìjagunmólú ni a fi ń sin ín.

Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn nìwọ̀nyí: àkọ́bí wọn obìnrin tó jẹ́ awakọ̀ ọkọ̀ ilé ìwòsàn, ọmọ wọn ọkùnrin tó jogún tábìlì àti abẹ́rẹ́, àbíkẹ́yìn wọn tó jẹ́ olùkọ́, tí kò mọ ọkọ̀ wà bíi ti Bàbá wa, ìyàwó ọmọ, ọkọ ọmọ, àwọn ọmọ-ọmọ mẹ́jọ, àti ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó jẹ́ ọmọ fún ọmọ-ọmọ wọn. Ọmọdé yìí ń hu eyín lọ́wọ́ ní oṣù tí Màmá lo kẹ́yìn láyé. Màmá gbé e sórí itan nínú mọ́tò tó dúró jẹ́ẹ́, ọmọ náà sì ki ẹnu bọ igi. Ìyá rẹ̀ pariwo, ó fẹ́ gbà á. Màmá dá a lọ́wọ́ dúró. Wọ́n ní, “Fi í sílẹ̀. Ó ń fọwọ́ sí i ni.” Eyín kékeré méjì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rin ìgbà yẹn báyìí.

Ọkọ̀ tó gbé Màmá wá síbí lónìí, sitíárìn Bàbá àgbà ló wà lára rẹ̀, àkọ́bí wọn ló sì wà á. Tí ẹ bá ń jáde, ẹ lè fọwọ́ kàn án. Ìsàlẹ̀ ni, lápá òsì.

Màmá, ẹ sùn ire. Wọn ò ní ṣí ìka yín mọ́ láéláé. Bàbá yín ti ń dúró dè yín nínú ọkọ̀, itan wọn ṣófo, ẹ lọ jókòó.